Kí ló dé tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bàbà fi yọ́ nínú amóníà, tí ti irin kò yọ́? Ẹ gbà mí o

Ọmọ_Láàbù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú kẹ́místrì. Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. A ṣe pírákítíkà pẹ̀lú amóníà àti omi iyọ̀ oríṣiríṣi. Mo kán amóníà sínú kọ́pà sọ́féètì (iyọ̀ bàbà), gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. Mo ń kán an lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn bá pòórá, gbogbo rẹ̀ wá dúdú mìnìjọ̀ bí omi aró. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo wá ṣe irú kan náà fún irin III (irin tí iná ara rẹ̀ jẹ́ +3): gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa bí irin tó ti dógùn-ún yọ, mo kán amóníà títí túùbù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kò yọ́.

Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tún ní òun ò rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan nínú ti bàbà rárá, ó ní ojú ẹsẹ̀ ló di aró. Ta ló ṣàṣìṣe nínú àwa méjèèjì? Ìwé wa kàn kọ "ó yọ́ nínú àpọ̀jù" àti "kò yọ́ nínú àpọ̀jù", kò sọ ìdí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, amáìnì, ìbátan amóníà, la máa lò dípò rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo máa retí.

Ìyá_Dírọ́pà:
Ọmọ mi, ìwọ tọ̀nà, ẹnì kejì rẹ náà tọ̀nà. Ọwọ́ ló yàtọ̀. Ìwọ kán an, òun dà á. Tí amóníà bá wọlé gbuu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á yọ, á sì yọ́ kí ojú tó ṣẹ́. (Ẹ má fi àmì ohùn ṣeré nínú ìwé yín o. "Ó yọ" àti "ó yọ́" ti gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ.)

Ó tún lè jẹ́ pé kọ́pà sọ́féètì tó bù ti ní ásíìdì díẹ̀ nínú. Ásíìdì yẹn ni amóníà máa kọ́kọ́ bá jà, á sì di amóníọ̀mù. Tí amóníọ̀mù bá ti pọ̀ nínú omi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kì í fẹ́ yọ mọ́, o lè fò kọjá sórí aró láìrí i.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Bu omi iyọ̀ bíi 1 cm³ péré, kó má lágbára ju nǹkan bí 0.1 mol/dm³ lọ. Amóníà 2 mol/dm³ tó. Kán ẹyọ kan, mi túùbù, wò ó lójú páálí funfun, kọ ohun tó o rí sílẹ̀, kó o tó kán òmíràn. Mímì yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Omi amóníà fúyẹ́ ju omi lásán, ó lè léfòó sókè kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jókòó sísàlẹ̀, ẹ ó wá máa kọ "kò yọ́" nígbà tí wọn ò tíì fojú kan ara wọn.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé: ìgò amóníà tí wọ́n ti ń ṣí tí wọ́n ń dé láti ìgbà pípẹ́, gáàsì ti sá kúrò nínú rẹ̀. Mo ti rí kíláàsì kan tí bàbà kọ̀ láti yọ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ṣe kọ́pà sọ́féètì, àṣé omi ló kù nínú ìgò amóníà.

Tíṣà_Kẹ́mí:
Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ yìí.

Ẹni tó bá rántí pé iṣẹ́ méjì ni amóníà ń ṣe nínú túùbù yẹn, kò ní há nǹkan kan sórí mọ́. Wo NH₃ fúnra rẹ̀: elẹ́kítírọ́ọ̀nì méjì wà lórí náítírójìn rẹ̀ tí wọn kò so mọ́ ohunkóhun. Bí àwọn méjì yìí bá nawọ́ mú H⁺ (háídírójìn tó ní iná +1), béèsì ni amóníà lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá nawọ́ mú áyọ́ọ̀nù mẹ́táàlì (mẹ́táàlì tó ní iná lára), lígáńdì ni, ìyẹn ni alábàásopọ̀ tó ń rọ̀ mọ́ mẹ́táàlì.

Iṣẹ́ kìíní. Bàbà kì í dá dúró nínú omi. Mólékù omi mẹ́fà ló yí i ká, ọ́síjìn wọn kọjú sí i. Nítorí pé Cu²⁺ ń fa elẹ́kítírọ́ọ̀nì àwọn omi yìí sọ́dọ̀ ara rẹ̀, háídírójìn tó wà lára wọn kò le dáadáa mọ́. Amóníà kọ́kọ́ kó H⁺ méjì lọ lára wọn. Bó ti kó wọn tán, agbára iná +2 tó wà lára bàbà ti parẹ́, ohun tó kù kò ní iná lára, omi kò sì lè gbé e dúró. Ó yọ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Cu(OH)₂. Kọ́sítíìkì sódà, NaOH, lè ṣe ìyẹn fún ọ gan-an.

Iṣẹ́ kejì ni kọ́sítíìkì sódà kò lè ṣe. Béèsì tí kò lágbára ni amóníà. Nínú omi amóníà 2 mol/dm³, kò tó mólékù kan nínú 100 tó di amóníọ̀mù. Gbogbo ìyókù ṣì jẹ́ NH₃ odidi, elẹ́kítírọ́ọ̀nì wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tó o bá ń kán an lọ, àwọn wọ̀nyí á wọlé tọ bàbà, wọ́n á tì omi àti OH⁻ (ohun tó kù lára omi tí H⁺ kan bá ti kúrò) kúrò, wọ́n á gba ipò wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ tún ti ní iná +2 lára, ìdí nìyẹn tó fi padà yọ́.

Aláìgbàgbọ́:
Ọ̀gá, èyí dùn gbọ́, àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè. Irin III náà ní ààyè fún lígáńdì mẹ́fà. Kí ló dé tí amóníà kò fi rí i gbà lọ́wọ́ OH⁻? Mo gbọ́ pé tí èèyàn bá lo amóníà tó lágbára gan-an, ó máa yọ́.

Tíṣà_Kẹ́mí:
Rárá, kò ní yọ́. Lo ògidì amóníà tó o bá fẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ irin III á jókòó síbẹ̀ máa wò ọ́.

Fífa okùn ni ọ̀rọ̀ yìí. OH⁻ wà lápá kan, NH₃ wà lápá kejì, mẹ́táàlì wà láàárín. Irin III kéré, iná rẹ̀ jẹ́ +3, irú áyọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọ́síjìn ju náítírójìn lọ. Tó bá ti di OH⁻ mú, kì í fẹ́ jù ú sílẹ̀. Iye tí wọ́n fi ń wọn bí háídírọ́ksáìdì ṣe ń yọ́ tó nínú omi jẹ́ nǹkan bí 10⁻³⁹ fún ti irin III, nǹkan bí 10⁻²⁰ fún ti bàbà. A ò lè fi méjèèjì wé ara wọn ní tààrà, torí OH⁻ mẹ́ta ló wà lára ọ̀kan, méjì lára èkejì, àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ débi pé o ti mọ ẹni tó máa borí. Bàbà II ní tiẹ̀ nífẹ̀ẹ́ náítírójìn gidigidi, amóníà sì fà á gbà.

Alumíníọ̀mù ń ṣe bíi ti irin III, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ara àwọn mẹ́táàlì àárín tábìlì àwọn élímẹ́ǹtì tí à ń sọ. Kírómíọ̀mù III wà ní ààlà: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣe bí eérú, amóníà tó lágbára tó sì pọ̀ lè yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ sí omi àwọ̀ àlùkò, àmọ́ ó ń falẹ̀.

Aláìgbàgbọ́:
Ó yé mi wàyí. Mo gba ti irin.

Aláwọ̀_Aró:
Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀, torí òun ló mú mi wọ kẹ́místrì. Tí amóníà mẹ́fà bá ti lé omi mẹ́fà kúrò lára bàbà, ìmọ́lẹ̀ tí bàbà ń gbé mì yí padà. Nígbà tí omi yí i ká, ibi tó ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù wà ní nǹkan bí 800 nm (nm ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú ohun tí ojú wa ń rí, ìrù rẹ̀ nìkan ló kan pupa. Ìdí nìyí tí búlúù rẹ̀ fi ràn bí ojú ọ̀run. Tí amóníà bá wọlé, ibẹ̀ á sún sí nǹkan bí 600 nm, ó sì ń gbé e mì púpọ̀ sí i. Pupa àti ọsàn lọ ráúráú, ohun tó kù fún ojú rẹ ni aró.

Tíṣà_Kẹ́mí:
Àwọ̀ tọ̀nà, iye kò tọ̀nà. Nínú omi, amóníà mẹ́rin ni bàbà ń gbà dáadáa. Omi méjì ṣì wà lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n jìnnà díẹ̀ sí i. [Cu(NH₃)₄(H₂O)₂]²⁺ ni kó o kọ, ọmọ. Níkẹ́lì ló ń gba mẹ́fà pé.

Aláwọ̀_Aró:
Mo tẹ́wọ́ gbà á, níkẹ́lì ló wà lórí mi. Ọmọ, tó o bá fẹ́ rí i pé òtítọ́ ni Tíṣà ń sọ, mú túùbù aró rẹ, kán sọ́fúríìkì ásíìdì fífẹ́lẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ásíìdì á kó amóníà lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù á padà yọ, tó bá yá á tún yọ́, wàá sì bá ara rẹ níbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ nínú túùbù kan ṣoṣo.

Ìtàn kan rèé tí mo fẹ́ràn. Lọ́dún 1857, Eduard Schweizer rí i pé omi aró yìí, tí wọ́n bá fi háídírọ́ksáìdì bàbà ṣe é, máa ń yọ́ òwú. Òwú odidi! Tí wọ́n bá sì tú u sínú ásíìdì, òwú á padà di fọ́nrán. Wọ́n fi ìlànà yẹn ṣe aṣọ ràyọ́ọ̀nù lẹ́yìn náà.

Ìyá_Dírọ́pà:
Ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó lọ máa ti aṣọ ara rẹ̀ bọ inú túùbù o.

Ọmọ, jẹ́ kí n sọ ohun tí wàá rí lára àwọn yòókù, kó o má lọ dójú tì mí. Irin II: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àwọ̀ ewé tó dọ̀tí, kò yọ́, tó o bá fi sílẹ̀ òkè rẹ̀ á di àwọ̀ irin tó dógùn-ún torí afẹ́fẹ́ ń sọ ọ́ di irin III. Máńgáníìsì: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, kò yọ́, òun náà ń dúdú nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Síǹkì: funfun, ó yọ́, omi rẹ̀ kò láwọ̀ kankan. Níkẹ́lì: àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, ó yọ́ sí búlúù tó ń wo àlùkò. Fàdákà: ó máa ń yọ ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń tètè yọ́ débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò ní rí i.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí fàdákà. Omi fàdákà àti amóníà yẹn, òun ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò Tollens (èyí tí fàdákà ti ń lẹ̀ mọ́ ara túùbù bí dígí), KÌ Í SÙN MỌ́JÚ. Tó o bá fi pamọ́, ó lè di ohun dúdú kan tó ń bú gbàù, nígbà míì kí èèyàn kàn fọwọ́ kàn án lásán ni. Ṣe é lọ́jọ́ tó o fẹ́ lò ó, ṣe ìwọ̀nba, tó o bá ti lò ó tán da náítíríìkì ásíìdì fífẹ́lẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré lórí èyí.

Àti pé ẹ má da omi bàbà sínú gọ́tà. Ó ń pa ẹja àti ohun ẹlẹ́mìí inú omi. Àgbá ìdàkẹ́míkàsí wà fún un.

Ọmọ_Láàbù:
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Kí ló dé tí síǹkì kò fi ní àwọ̀, nígbà tí bàbà àti níkẹ́lì ní?

Aláwọ̀_Aró:
Elẹ́kítírọ́ọ̀nì ìpele d (ilé kan tí elẹ́kítírọ́ọ̀nì ń gbé lára mẹ́táàlì, tó gba 10) ló ń fò láti ìsàlẹ̀ sókè tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Ti síǹkì jẹ́ 10, ilé kún, kò sí àlàfo tí ẹnikẹ́ni máa fò sí. Ti bàbà II jẹ́ 9.

Ẹ̀gbọ́n_Amáìnì:
Ẹ ti gbàgbé ìdajì ìbéèrè ọmọ yìí. Amáìnì ńkọ́?

Àbúrò, amáìnì ni amóníà tí wọ́n mú háídírójìn rẹ̀ kan, méjì tàbí mẹ́ta kúrò, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kábọ̀nù dípò. Elẹ́kítírọ́ọ̀nì méjì yẹn ṣì wà lórí náítírójìn, torí náà iṣẹ́ méjèèjì tí Tíṣà sọ ṣì wà. Ohun tó yí padà ni bó ṣe mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tó.

Lórí iṣẹ́ béèsì, ẹ̀wọ̀n kábọ̀nù ń ti elẹ́kítírọ́ọ̀nì sọ́dọ̀ náítírójìn. Nítorí náà mẹ́táìlì amáìnì, bútáìlì amáìnì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lágbára ju amóníà lọ. pKa ni wọ́n fi ń wọn ọ́n, bó bá ṣe ga tó ni béèsì ṣe lágbára tó: pKa amóníọ̀mù jẹ́ nǹkan bí 9.2, ti mẹ́táìlì amáìnì jẹ́ 10.6. Kán mẹ́táìlì amáìnì sínú irin III, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa yẹn kan náà ló máa yọ, irin kò sì ní yọ́ fún òun náà. Aníláìnì ni kó o ṣọ́ra fún. Òrùka bẹ́ńsíìnì fa elẹ́kítírọ́ọ̀nì rẹ̀ wọlé, pKa ibẹ̀ já sí 4.6, ó sì tún ṣòro kó yọ́ nínú omi. Má retí pé á ṣe bí amóníà.

Lórí iṣẹ́ lígáńdì, ìtóbi ló ń ṣe ìdájọ́. Bútáìlì amáìnì pẹ̀lú kọ́pà sọ́féètì: búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á yọ, tó bá pọ̀ á yọ́ sí búlúù tó jinlẹ̀, bí o ṣe mọ̀ ọ́n nínú amóníà. Àmọ́ gbé tráyẹ́táìlì amáìnì tó ní ẹ̀wọ̀n mẹ́ta wá. Béèsì tó lágbára ni, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á yọ wàrà, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n mẹ́ta yẹn ti dí ẹnu ọ̀nà, kò lè sún mọ́ bàbà dáadáa. Àwọn ọmọ máa ń rò pé béèsì tó lágbára jù ni lígáńdì tó dára jù. Irọ́ ni.

Òórùn wọn ńkọ́? Bí ẹja tó ti ń bàjẹ́. Ṣe é lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa afẹ́fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ rẹ á máa rò ó fún gbogbo ilé.

Aláìgbàgbọ́:
Àwọn tó ní náítírójìn méjì ńkọ́? Mo rí "en" nínú ìwé kan.

Ẹ̀gbọ́n_Amáìnì:
A! O fọwọ́ kan ibi tó dùn. Ìténì-1,2-dáyámìnì ni "en". Náítírójìn méjì, kábọ̀nù méjì láàárín, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá mẹ́táàlì mú bí akàn. Mú níkẹ́lì II tó jẹ́ àwọ̀ ewé, kán en sí i díẹ̀díẹ̀. Á lọ sí búlúù, á sì parí sí àlùkò nígbà tí en mẹ́ta bá ti wọlé. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe nínú túùbù, mi ò tíì rí èyí tó rẹwà tó o.

Agbára tó fi dì í mú lẹ́rù. Iye ìdúróṣinṣin (bó bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe dì mọ́ra tó) níkẹ́lì pẹ̀lú amóníà mẹ́fà tó nǹkan bí 10⁸, pẹ̀lú en mẹ́ta ó tó nǹkan bí 10¹⁸. Náítírójìn mẹ́fà náà ni nínú méjèèjì o! Ka àwọn tó wà ní òmìnira: níkẹ́lì alámóníà kan àti en mẹ́ta, mẹ́rin lápapọ̀. Lẹ́yìn pàṣípààrọ̀, níkẹ́lì alen kan àti amóníà mẹ́fà, ó di méje. Ìtúká pọ̀ sí i, ìṣẹ̀dá sì fẹ́ràn ìtúká. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé tí ọwọ́ kan en bá já, ọwọ́ kejì ṣì di mẹ́táàlì mú, èyí tó já á tètè padà síbẹ̀.

Oníkóbáltì:
Mo ń ka yín láti òwúrọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ kóbáltì, bẹ́ẹ̀ òun ni bàbá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1798 ni Tassaert ti kíyè sí ohun tí kóbáltì àti amóníà ń ṣe, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Kóbáltì kílóráìdì mẹ́ta pẹ̀lú amóníà mẹ́fà: ó ní àwọ̀ ọsàn tó ń wo ìyeyè, tí wọ́n bá fi fàdákà náítíréètì sí i, kílóráìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yọ. Èyí tó ní amóníà márùn-ún, ó ní àwọ̀ àlùkò, kílóráìdì méjì péré ló ń tètè yọ. Ibo ni ẹ̀kẹta wà? Lọ́dún 1893 ni Alfred Werner dáhùn pé ẹ̀kẹta ti gba ipò amóníà tó lọ, mẹ́táàlì fúnra rẹ̀ ló dì í mú, àwọn ipò mẹ́fà ló sì wà yí i ká. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1913.

Nínú túùbù tìrẹ, ọmọ: kóbáltì II jẹ́ pínkì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù á yọ, nínú àpọ̀jù amóníà á yọ́ sí omi ìyeyè ràkọ̀ràkọ̀. Má yára dà á nù. Fi sílẹ̀, á dúdú sí àwọ̀ ilẹ̀ láti òkè wá, torí afẹ́fẹ́ ń sọ kóbáltì II di III. Amóníà ló mú kí ìyẹn rọrùn. Nínú omi lásán, kóbáltì II kì í dá afẹ́fẹ́ lóhùn.

Ọmọ_Láàbù:
Ẹ̀yin àgbà, mo ti padà dé láti láàbù. Mo kán an bí Ìyá_Dírọ́pà ṣe ní kí n kán an, ẹnì kejì mi náà rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bàbà lónìí, ó ń pariwo. Níkẹ́lì pẹ̀lú en, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò purọ́.

Wọ́n wá fún wa ní túùbù kan tí wọn ò sọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Omi rẹ̀ kò láwọ̀. Amóníà díẹ̀: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun. Àpọ̀jù: ó yọ́, kò láwọ̀. Mo kọ síǹkì. Ẹni tó ń ṣọ́ wa ní "Ṣé ó dá ọ lójú?" ó sì rẹ́rìn-ín lọ.

Ìyá_Dírọ́pà:
Ó mọ ohun tó ń ṣe. Kádíọ̀mù náà máa ń yọ ní funfun, ó sì máa ń yọ́ nínú àpọ̀jù amóníà. Mú omi iyọ̀ yẹn tuntun, má lo èyí tó o ti fi amóníà sí. Kán kọ́sítíìkì sódà títí dé àpọ̀jù. Tó bá yọ́, síǹkì ni. Tó bá kọ̀, kádíọ̀mù ni, kó o sì wọ ìbọ̀wọ́ dáadáa, májèlé ni. Alumíníọ̀mù ì bá yọ́ nínú sódà, àmọ́ kì bá ti yọ́ nínú amóníà, torí náà ìyẹn ti jáde.

Ọmọ_Láàbù:
Ó yọ́ nínú méjèèjì, Mà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn.